Ṣáṣí alùpùpù tó sán lọ́wọ́ ọ̀rẹ́: ṣé kí n jẹ́ kí wọ́n jó o?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Kétu ní ilẹ̀ Benin ni mo wà. Ọ̀rẹ́ mi yá alùpùpù mi lọ sí oko lọ́nà Ìdígìnì, ó sì já sí kòtò. Ọwọ́ alùpùpù náà ti ń fà sí òsì, mo sì rí i pé irin ti sán lábẹ́ táǹkì. Mẹkáníìkì àdúgbò wa ní kí n jẹ́ kí wọ́n jó o, pé iṣẹ́ kékeré ni. Ọ̀rẹ́ mi ní ó ti sán tẹ́lẹ̀, pé ọwọ́ òun kọ́. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Àbúrò, ẹ kú ewu, ìwọ àti ọ̀rẹ́ rẹ. Má gùn ún mọ́ ná, má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi iná kàn án títí o fi máa parí ìwé yìí.

Iṣẹ́ jíjó irin ni mo ń ṣe nílùú Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) níbí. Ibi tí mo kọ́kọ́ máa ń wò ni orí ṣáṣí, ìyẹn ihò irin tí ọwọ́ alùpùpù ti ń yí. Ìgbà tí o bá tẹ ìjánu iwájú, ibẹ̀ ni agbára rẹ̀ ń lọ. Wò ó bóyá sísán abẹ́ táǹkì tí o sọ dé ibẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé orí yẹn ló wọ́, tàbí tí irin sán yí i ká, èmi kì í jó o. Ọ̀dà tuntun lè bò ó mọ́lẹ̀ kí ó dán, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí ó bá já lórí eré, ẹni tó wà lórí rẹ̀ ló máa kàn. Ṣáṣí mìíràn ni kí o wá.

Ṣùgbọ́n ọwọ́ tó ń fà sí òsì kò sọ pé ṣáṣí ló wọ́. Ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì tó di táyà mú ló sábà máa ń kọ́kọ́ tẹ̀. Kí wọ́n tú wọn, kí wọ́n yí ọ̀pá wọn lórí dígí tó tẹ́jú. Èyí tó bá tẹ̀ kò ní í yí geere. Tí ẹsẹ̀ bá gún, wo àmì ibi tí wọ́n ti ń fa ṣéènì lẹ́yìn, bóyá ọ̀tún àti òsì bára mu. Lẹ́yìn náà ni kí o wá na okùn láti ara táyà ẹ̀yìn dé iwájú, lọ́tùn-ún àti lósì. Àyè tó wà láàárín okùn àti táyà iwájú gbọ́dọ̀ dọ́gba. Bí kò bá dọ́gba, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ ṣáṣí.

Ọ̀rọ̀ ìwọ àti ọ̀rẹ́ rẹ ńkọ́? Irin fúnra rẹ̀ á jẹ́rìí, bí ẹ bá tètè wò ó. Ẹ pe ara yín, kí ẹ jọ dúró tì í nígbà tí wọ́n bá ń ha ọ̀dà ibẹ̀ kúrò. Bí ojú ibi tó sán bá mọ́, tó ń dán bí irin tuntun, ìjàǹbá yìí ló fà á. Bí apá kan bá ti pọ́n tó sì dúdú, tó ń yọ̀, tí apá kejì sì mọ́, tó rí hákahàka, ó ti ń sán díẹ̀díẹ̀ tipẹ́. Kòtò yẹn kàn parí rẹ̀ ni. Àpò àgbàdo mẹ́ta lórí ọ̀nà ilẹ̀ pupa máa ń ṣe irin bẹ́ẹ̀. Nígbà òjò, irin tó ṣí sílẹ̀ lè dípẹtà láàárín ọjọ́ díẹ̀, nítorí náà ẹ má fi í sílẹ̀ di oṣù tó ń bọ̀. Bí ó bá jẹ́ àtijọ́, kò tọ́ kí o di gbogbo owó lé e lórí. Lójú tèmi, ẹ pín in. Má sì retí owó lọ́wọ́ àṣúráǹsì tó jẹ́ dandan: ti ẹlòmíràn tí alùpùpù bá kọlù ni ó ń san, kì í ṣe ti alùpùpù rẹ.

Tí ó bá jẹ́ irin abẹ́ ìjókòó tàbí ti ibi ìtẹ̀sẹ̀ ló sán, jíjó rẹ̀ dára, bí ọwọ́ tó mọ̀ ọ́n bá ṣe é. Kí wọ́n kọ́kọ́ yọ táǹkì èsáǹsì gbé jìnnà, kí wọ́n yọ bátìrì, kí wọ́n tú wáyà CDI, ìyẹn àpótí kékeré tó ń darí iná pọ́lọ́ọ̀gì. Kí wọ́n di wáyà ilẹ̀ ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń jó irin mọ́ ẹ̀gbẹ́ ibi tí wọ́n ń jó gan-an, kí iná má baà gba inú ẹ́ńjìnnì kọjá. Kí wọ́n tún ṣáṣí ṣe títí ó fi gún kí wọ́n tó jó o. Bí wọ́n bá jó o ní wíwọ́, wíwọ́ ló máa dúró. Nígbà tí ó bá ti gún, kí wọ́n tó jó o, kí wọ́n fi kẹrosíìnì pa ibi tó sán, kí wọ́n nù ún gbẹ, kí wọ́n wá da ìyẹ̀fun ṣọ́ọ̀kì lé e. Epo tó sá sínú á yọ jáde lára ṣọ́ọ̀kì, á sì fi ibi tí sísán náà parí hàn. Ní ìpẹ̀kun rẹ̀ méjèèjì ni kí wọ́n lu ihò kékeré sí, kí ó má baà máa lọ síwájú. Irin páìpù alùpùpù kò nípọn, ẹlẹ́kítíróòdù 2.5 mm ti tó, pẹ̀lú iná kékeré, ní jíjó kúkúrú kúkúrú. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni da omi lé e. Atẹ́gùn ni kí ó fi tutù, nítorí omi máa ń mú kí ẹ̀gbẹ́ ibi tí wọ́n jó le kí ó sì gan, tí yóò tún sán.

Ohun kan tí mo bẹ̀ ọ́ lé lórí: bí o bá ra ṣáṣí mìíràn, gba ìwé rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó tà á, nítorí nọ́ńbà tó wà lára ṣáṣí ni carte grise, ìyẹn ìwé ọkọ̀, ń tọ́ka sí. Má jẹ́ kí wọ́n ha nọ́ńbà yẹn kúrò, ìbáà ṣe lára tuntun tàbí ti àtijọ́.

Nígbà tí wọ́n bá ti parí, má kó ẹrù lé e lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́. Gùn ún jẹ́jẹ́ láàárín Kétu, tú ìjókòó, kí o tún fi kẹrosíìnì àti ṣọ́ọ̀kì wo ibẹ̀ kí ó tó padà sí oko.