Projector onígílóòbù ni àbí LED?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. A fẹ́ ra projector sí pálọ̀ wa ní Ìbàdàn, torí bọ́ọ̀lù tí ọkọ mi ń wò lọ́sàn-án Sátidé àti kàtúùnù àwọn ọmọ lálẹ́. Méjì ni wọ́n fi hàn wá ní ṣọ́ọ̀bù. Ọ̀kan jẹ́ tòkunbọ̀ onígílóòbù, 3,000 lumens ni wọ́n kọ sí i lára. Èkejì jẹ́ LED kékeré, tuntun ni. 9,000 lumens ló wà lára páálí rẹ̀, owó rẹ̀ ò sì tó ti àkọ́kọ́. Èwo ni ká mú? Ìyá Ìbejì.

Ìdáhùn: Ìyá Ìbejì, ẹ kú ilé o. Ẹ yọ 9,000 yẹn kúrò lọ́kàn ná. Lumens ni wọ́n fi ń wọn ìmọ́lẹ̀ tó ń jáde lẹ́nu ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n tí ẹ ò bá rí ANSI tàbí ISO (orúkọ àwọn àjọ tó ń ṣètò bí wọ́n ṣe ń wọn nǹkan) lẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà náà, ẹnu ọlọ́jà lásán ni. Irú àwọn kékeré olówó pọ́ọ́kú bẹ́ẹ̀ kì í sábà tó 500 tí a bá wọ̀n wọ́n dáadáa.

Ti tòkunbọ̀ ṣeé ṣe kó jẹ́ òótọ́, nígbà tó ṣì wà ní tuntun. Wákàtí 3,000 sí 5,000 ni wọ́n sábà máa ń ṣírò fún gílóòbù, kó sì tó dé ibẹ̀, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ já sí ìdajì. Ẹ ní kí wọ́n ṣí menu, kí ẹ wo lamp hours, ìyẹn iye wákàtí tí gílóòbù ti lò.

NEPA gan-an ni ọ̀tá gílóòbù. Gílóòbù máa ń gbóná janjan. Tí ẹ bá fọwọ́ ara yín pa ẹ̀rọ, fáànù inú rẹ̀ á ṣì máa fẹ́ títí yóò fi tutù. Tí wọ́n bá mú iná lọ lójijì, fáànù kú nìyẹn, ooru sì há sínú. Bí ẹ tilẹ̀ tan jẹnẹrétọ̀, gílóòbù ò ní gbà láti tàn àfi tó bá tutù. Wọ́n lè ti gba pẹnáritì tán kí ògiri yín tó mọ́lẹ̀. Projector onígílóòbù tún ń jẹ iná tó 200 sí 300 watts. LED ò ní wàhálà yìí, ó sì lè lo wákàtí 20,000.

Ẹ bi wọ́n bóyá DLP ni tòkunbọ̀ náà àbí 3LCD, ọ̀nà méjì tí projector ń gbà gbé àwòrán jáde. Lára DLP onígílóòbù, àwọn ojú kan máa ń rí pupa, àwọ̀ ewé àti búlúù tó ń kọ mànà. Èmi ò rí i rí. Ìyàwó mi ò lè jókòó síwájú rẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Nítorí náà, ẹ kó àwọn ìbejì dání lọ wò ó. 3LCD kì í ṣe bẹ́ẹ̀, àmọ́ ẹ gbọ́dọ̀ máa gbọn eruku fílítà rẹ̀, pàápàá nígbà ọyẹ́.

Ní ti bọ́ọ̀lù ọ̀sán, kò sí projector tó lè tan dúdú sára ògiri. Dúdú tí ẹ ń rí, ibi tí iná ò dé ni. Tí oòrùn bá wọ pálọ̀, ó di eérú. Tí kò bá sí kọ́tìnì tó nípọn, tẹlifíṣọ̀n ló máa tẹ́ bàbá lọ́rùn.

Lójú tèmi, tí inverter bá wà nílé, tí lamp hours ò sì tíì kọjá 1,000, ẹ mú tòkunbọ̀. Tí kò bá sí, ẹ fi méjèèjì sílẹ̀, kí ẹ fowó kún owó, kí ẹ wá LED tí wọ́n kọ ANSI 500, ó kéré tán, sí lára. Èyí ó wù kó jẹ́, ẹ ní kí wọ́n tàn án níwájú ṣọ́ọ̀bù lọ́sàn-án, kì í ṣe nínú yàrá dúdú tó wà lẹ́yìn.