Bíbi AI pé "ṣé ó dá ẹ lójú?" kì í ṣe àyẹ̀wò

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ sà. Màmá mi ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹsẹ̀ wọn wá bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Mo bi AI orí fóònù mi, ó ní kí wọ́n dá oògùn náà dúró. Mo tún bi í pé ṣé ó dá ẹ lójú, ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Ṣé ká gbẹ́kẹ̀ lé e?

Ìdáhùn: Kí Màmá má tíì dá oògùn kankan dúró o! Èmi kì í ṣe dókítà, bí èèyàn ṣe ń fọkàn tán ẹ̀rọ ni mò ń ṣèwádìí lé lórí, ti oògùn, ẹnu àwọn tó ni iṣẹ́ náà lẹ ti máa gbọ́ ọ. Àmọ́ "ṣé ká gbẹ́kẹ̀ lé AI" gan-an kọ́ ló yẹ kẹ́ ẹ bi mí. Kí lẹ fẹ́ fi ṣe? Ẹ̀rọ ìṣirò tó ń bá yín ro owó ọjà láìṣì, ẹ ò jẹ́ bi í pé kí ló dé tí ẹsẹ̀ Màmá fi wú.

"Ṣé ó dá ẹ lójú" yẹn ló ń dùn mí, torí ojoojúmọ́ ni wọ́n ń sọ ọ́ fún mi bíi pé àyẹ̀wò ni wọ́n ṣe. Ọ̀rọ̀ rẹpẹtẹ ni wọ́n fi kọ́ AI yìí, ó wá ń to ọ̀rọ̀ tẹ̀lé ọ̀rọ̀ bó ṣe sábà máa ń tẹ̀lé ara wọn, "bẹ́ẹ̀ ni, ó dá mi lójú" tẹ́ ẹ rí yẹn, ọ̀nà kan náà ló gbà jáde. Ẹ wá fi olùjẹ́jọ́ ṣe ẹlẹ́rìí ara ẹ̀.

Lọ́yà kan ní New York ṣe bẹ́ẹ̀. Oníbàárà wọn pe ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú Avianca lẹ́jọ́, ó ní kẹ̀kẹ́ onírin tí wọ́n fi ń pín oúnjẹ gbá òun lórúnkún. Lọ́yà ní kí ChatGPT, ọ̀kan lára irú AI yìí, bá òun wá ẹjọ́ tó jọ ọ́, ó kó wọn wá, lọ́yà bi í pé ṣé ẹjọ́ gidi nìyí, ó ní gidi ni, pé wọ́n wà nínú àkójọ táwọn lọ́yà ń lò. Mẹ́fà nínú wọn, kò sí kóòtù tó dá irú ẹ̀ rí. Lóṣù kẹfà ọdún 2023, adájọ́ bu ìtanràn 5,000 dọ́là fún lọ́yà náà, lọ́yà ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ àti ọ́fíìsì wọn.

Ìbẹ̀rù tún ń dá kún un. Lọ́dún 2016, àwọn olùwádìí yunifásítì Georgia Tech l'Ámẹ́ríkà tú èéfín sílé bíi pé iná ń jó, wọ́n ní kí rọ́bọ́ọ̀tì máa fọ̀nà han àwọn èèyàn. Gbogbo àwọn 26 ló tẹ̀ lé e, ìdajì wọn sì ti rí i níṣẹ́jú díẹ̀ sẹ́yìn tí rọ́bọ́ọ̀tì yẹn ṣi ọ̀nà. Ẹsẹ̀ Màmá tó wú yẹn ni èéfín tiyín.

Ẹ dán an wò: ẹ bi AI yẹn ní nǹkan tẹ́ ẹ mọ̀ dájú, tí ìdáhùn ẹ̀ bá tọ̀nà, ẹ ní irọ́ ni. Nígbà míì á tọrọ àforíjì, á sì yí ọ̀rọ̀ padà, bó tiẹ̀ jẹ́ pé òótọ́ ló kọ́kọ́ sọ.

Ẹ mú páálí oògùn náà dání lọ bá dókítà tó kọ ọ́, tàbí apòògùn. Àwọn oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kan máa ń mú ẹsẹ̀ wú lóòótọ́, ó sì lè jẹ́ nǹkan míì pátápátá, dídá a dúró lójijì sì léwu. Tẹ́ ẹ bá ṣì fẹ́ lo AI, ẹ ní kó bá yín to ìbéèrè tẹ́ ẹ máa bi dókítà, ìyẹn dáa. Ṣùgbọ́n tí Màmá ò bá lè mí dáadáa, tàbí tí àyà bá ń dùn wọ́n, ẹ pa fóònù tì, ẹ gbé wọn lọ sí ọsibítù báyìí báyìí.