Ọmọ kòkó láti Gánà

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀rẹ́ mi ní Gánà fẹ́ fi 200 ọmọ kòkó inú ọ̀rá ránṣẹ́ sí mi ní Oǹdó. Ewé wọn tutù yọ̀yọ̀. Ṣé ewu wà níbẹ̀?

Ìdáhùn: Ó wà. Fáírọ́ọ̀sì tó ń mú ẹ̀ka kòkó wú lè sápamọ́ sínú igi tí ewé rẹ̀ dán. Ìdí nìyí tí ibùdó àyẹ̀wò kòkó ní Reading, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi ń ṣọ́ igi fún ọdún 2. Ẹ wo abẹ́ ewé àti ìkòríta ẹ̀ka: kòkòrò funfun bí òwú níbẹ̀ ló ń gbé e kiri. Iyẹ̀pẹ̀ inú ọ̀rá náà ńkọ́? Àrùn tó ń sọ kòkó di dúdú ń gbé inú rẹ̀. Láìsí ìwé àṣẹ NAQS, àjọ ìjọba Nàìjíríà tó ń yẹ ọ̀gbìn tó ń wọlé wò, àti ìwé ẹ̀rí ìlera ọ̀gbìn láti Gánà, kó má kúrò níbẹ̀. Ní tiwa o, CRIN, ilé ìwádìí kòkó Nàìjíríà n'Ìbàdàn, ni ká ti rà á.