Èsì: Púlì kíráńkì Corolla tó kọ̀ tí kò jáde

Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ gbé òòlù yẹn sílẹ̀. Ẹ ní nọ́ọ̀tì ńlá oní-19 tó de púlì (àgbá tí bẹ́líìtì ẹ́ńjìnnì ń yí lórí rẹ̀) ti jáde lára Corolla 2005 yín, àmọ́ púlì fúnra rẹ̀ lẹ̀ mọ́ kíráńkì, ọ̀pá irin tí ẹ́ńjìnnì ń yí, bí àtè, ẹ sì fẹ́ fi òòlù gbá a.

Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí i. Ẹ ó rí òrùka rọ́bà dúdú láàárín irin inú àti irin ìta. Rọ́bà yẹn ló ń gba gbígbọ̀n ẹ́ńjìnnì mọ́ra. Tí ẹ bá ń gbá etí púlì, tàbí tí ẹ fi púlà (irinṣẹ́ tí a fi ń fa púlì jáde) ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kọ́ ọ létí, rọ́bà á ya. Mo ti ṣe é rí, owó òmíràn tí mo rà ṣì ń dùn mí. Ẹ má sì fi iná sí i o, síìlì tó ń dí ọ́ìlì kó má jò wà lẹ́yìn rẹ̀.

Ẹ fọ́n WD-40 (ọ́ìlì ìfọ́n tó ń tú irin tó lẹ̀) sí àárín, kí ẹ lọ jẹun. Ihò kékeré méjì tó ní rẹ́ẹ̀dì (ìlà tí nọ́ọ̀tì ń yí wọ̀) wà lójú púlì. Ibẹ̀ ni kí ẹ de púlà onínọ́ọ̀tì mọ́. Kí ẹ tó dè é, ẹ yí nọ́ọ̀tì ńlá yẹn padà sínú kíráńkì, kí ẹ fi àlàfo díẹ̀ sílẹ̀ lábẹ́ orí rẹ̀, kí púlà lè ti orí rẹ̀, kó má ba rẹ́ẹ̀dì kíráńkì jẹ́. Ẹ máa yí nọ́ọ̀tì àárín púlà díẹ̀díẹ̀. Á dún “gbà!” lójijì, ẹ má jáyà.

Ẹ ṣọ́ irin pẹlẹbẹ kékeré (kíì tó ń di púlì mú) tó há sí ẹ̀gbẹ́ kíráńkì. Tó bá já bọ́ sínú koríko, ẹ ó wá a títí ilẹ̀ á fi ṣú.