Ẹ má fi táímà kékeré yẹn darí híítà omi yín o, ojú mi ti rí i

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìbéèrè o. Ẹ ní ẹ fẹ́ kí híítà omi ilé yín máa tàn fúnra ẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́, kó sì máa kú fúnra ẹ̀ tí gbogbo yín bá ti wẹ̀ tán, pé ẹ ti rí táímà kékeré kan tó ń wọ ojú sókẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n ń fi fóònù darí, ṣé kí ẹ rà á. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì sanwó. Ohun tí ẹ fẹ́ ṣe yẹn gan-an lèmi náà ṣe, díẹ̀ ló kù kí ilé jó mọ́ wa lórí.

Híítà tèmi, èyí tó ní tánkì ni, tí wọ́n gbé kọ́ ara ògiri, 100 lítà, 3000 watt ni wọ́n kọ sí i lára. Tí iná ilé bá jẹ́ 230 volt, 3000 yẹn á máa fa nǹkan bí ampere 13, ìyẹn ìwọ̀n iná tó ń gba inú wáyà kọjá. Táímà tí mo rà, ampere 16 ni wọ́n kọ sẹ́yìn ẹ̀. Mo ní 13 ò kúkú tó 16, mo fi há àárín púlọ́ọ̀gì àti sókẹ́ẹ̀tì, mo ní kó máa tàn laago márùn-ún ìdájí kó kú laago méje. Fún bí oṣù méjì inú mi ń dùn ṣáá, mo tiẹ̀ ń júwe ẹ̀ fún àwọn èèyàn. Ohun tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi ni pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn táímà yẹn ò lè gba ohun tó ń fa iná tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ fún wákàtí kan àtààbọ̀ láìsinmi, lójoojúmọ́. Fáànù, gílóòbù, tẹlifíṣọ̀n, ìyẹn ò ni í lára. Ṣùgbọ́n híítà ń fà á ni, kò dẹwọ́, ibi tí irin ti kan irin á máa gbóná, tó bá gbóná á wú, tó bá tutù á sún kì, ẹnu sikúrù á máa dẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bó sì ṣe ń dẹ̀ ló ṣe ń gbóná sí i.

Oṣù kẹta ni bíréékà bẹ̀rẹ̀ sí í já. Kì í já lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ o, ó máa tó bí ogójì ìṣẹ́jú kó tó já, màá gbé e sókè, á tún já. Mo pe oníná. Ẹni àkọ́kọ́ dé, kò fọwọ́ kan sókẹ́ẹ̀tì rárá, ó ní bíréékà ti gbó, ó yọ ti ampere 20 tó wà níbẹ̀, ó fi 20 tuntun sí i, ó gba owó ẹ̀ ó lọ. Ọjọ́ mẹ́ta, ó já. Ẹni kejì ní element, irin tó ń mú omi gbóná nínú tánkì, ló ń jo iná, ó da gbogbo omi nù, ó yọ ọ́, ó fi tuntun sí i, ó wá tan iná kí omi tó kún tánkì. Ẹ̀gbọ́n, element tí kò sí omi lórí ẹ̀ ò tó ìṣẹ́jú kan kó tó jóná pátápátá. Ó jóná lójú mi báyìí, ọ̀gbẹ́ni náà ní ayédèrú ni wọ́n tà fún mi, mo tún ra òmíràn. Ẹ rántí èyí o, ẹnikẹ́ni tó bá da omi tánkì yín nù, ẹ ṣí ẹ̀rọ omi gbígbóná nínú bálùwẹ̀ sílẹ̀, títí omi á fi máa jáde gbuurugbu láìsí atẹ́gùn nínú ẹ̀, kí ẹ tó jẹ́ kó fọwọ́ kan suwíìsì.

Ẹni kẹta ni ọ̀rọ̀ ẹ̀ ṣì ń dùn mí dòní. Ọ̀gá ni wọ́n ń pè é, ó ní ìwé ẹ̀rí, ó ní báàgì irinṣẹ́ tó kún. Mo ṣàlàyé gbogbo ẹ̀ fún un, kò jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀, ó ní bíréékà yìí ló kéré, ó yọ 20, ó fi 32 sí i, ó ní "kò ní já mọ́". Lóòótọ́ kò já mọ́. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀, mo sanwó fún un. Wáyà tó wà nínú ògiri, 2.5 mm² ni, èyí tí wọ́n ń lò fún sókẹ́ẹ̀tì lásán. Bíréékà, wáyà ló ń ṣọ́. Tí wáyà bá ń gbóná ju bó ṣe yẹ, bíréékà ló máa já kó tó di iná, ẹni tó bá fi èyí tó tóbi rọ́pò ẹ̀ nítorí pé ó ń já ti lé ọdẹ kúrò lẹ́nu ọ̀nà nìyẹn. Ìgbà tí mo lóye ìyẹn ti pẹ́ jù.

Ó tó ọjọ́ mẹ́sàn-án lẹ́yìn ẹ̀, bí aago mẹ́fà ìdájí, mo gbóòórùn bí ike tó ń jó. Mo rò pé láti ìta ni. Yàrá ọmọ mi ló fẹ̀yìn ti ògiri bálùwẹ̀ yẹn, òun ló jáde wá sọ fún mi pé ògiri òun gbóná. Mo gbé ọwọ́ lé e, mo sáré lọ pa iná gbogbo ilé. Nígbà tí a ṣí i, púlọ́ọ̀gì ti lẹ̀ mọ́ táímà, táímà ti lẹ̀ mọ́ sókẹ́ẹ̀tì, ẹ̀gbẹ́ kan ti yọ́, wáyà tó wà lẹ́yìn ẹ̀ ti gbẹ bí ewé, bí a ṣe ń tẹ̀ ẹ́ ni rọ́bà ara ẹ̀ ń já lulẹ̀. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀, mi ò lè sọ̀rọ̀.

Bàbá kan tó ti ń tún mọ́tò iléeṣẹ́ ṣe fún ọ̀pọ̀ ọdún ló wá bá mi wò ó nígbẹ̀yìn. Kò lo irinṣẹ́ púpọ̀. Ó pa iná, ó fi tẹ́sítà yẹ̀ ẹ́ wò pé ó ti kú lóòótọ́, ó tú wáyà tó wọ bíréékà, ó fi hàn mí, ẹnu wáyà náà ti dúdú, ó ti jóná láti ìgbà àkọ́kọ́. Ẹni tó pààrọ̀ bíréékà, ẹnu tó jóná yẹn náà ló tún tì bọ inú tuntun, ibẹ̀ ń gbóná, ooru ibẹ̀ ló ń já bíréékà. Gbogbo ohun tó yẹ kí wọ́n ṣe ni kí wọ́n gé ẹnu wáyà, kí wọ́n bó o, kí wọ́n dè é le, kí wọ́n sì yọ táímà yẹn dànù. Owó element méjì, bíréékà méjì, iṣẹ́ ẹni mẹ́ta, lórí sikúrù tó dẹ̀. Mo lọ bá àwọn tó yẹ kó máa yẹ iṣẹ́ oníná wò, wọ́n bi mí ìwé àyẹ̀wò ilé, mo fún wọn, wọ́n ní ilé yìí ti yege, wọ́n da ìwé padà sọ́wọ́ mi. Kò sí ẹni tó wá wo ògiri.

Ó dáa, ohun tí mo ń lò báyìí. Híítà ní wáyà tirẹ̀ láti inú àpótí bíréékà, 4 mm², kò bá nǹkan mìíràn pín in, bíréékà 20, suwíìsì tó ń gé wáyà méjèèjì pọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ híítà, kò sí púlọ́ọ̀gì, kò sí sókẹ́ẹ̀tì. Táímà wà nínú àpótí bíréékà, ṣùgbọ́n iná híítà ò gba inú ẹ̀ kọjá, contactor, ìyẹn suwíìsì ńlá tí iná kékeré ń tàn tó sì ń pa, ló ń gbé iná ńlá yẹn, táímà kàn ń sọ fún contactor ìgbà tó máa tàn àti ìgbà tó máa kú ni. Tí ẹ bá fẹ́ èyí tí wọ́n ń fi fóònù darí, òun náà lè wà níbẹ̀, kó ṣáà jẹ́ contactor ló ń ru ẹrù. Síso ẹ̀ ò le, oníná tó mọṣẹ́ á ṣe é láàárọ̀ ọjọ́ kan. Ẹ dúró tì í kó de gbogbo sikúrù le, lẹ́yìn oṣù kan kó padà wá tún wọn dè.

Ẹ tún gbọ́ èyí, torí mo mọ̀ pé ẹnìkan máa gbà yín nímọ̀ràn pé kí ẹ kàn yí thermostat, èyí tó ń gé iná tí omi bá ti gbóná dé ibi tí ẹ fẹ́, wá sí digíríì 40 kí owó iná lè dín kù. Ẹ má ṣe é. Kòkòrò kan wà tí wọ́n ń pè ní Legionella, omi tó lọ́wọ́ọ́wọ́ láàárín 20 sí 45 ló fẹ́ràn, ibẹ̀ ló ti ń pọ̀ sí i, téèyàn bá fa ìkùukùu omi yẹn símú nígbà tó ń wẹ̀, ó lè fa àìsàn ẹ̀dọ̀fóró tó le. Ẹ jẹ́ kí omi inú tánkì máa dé 60. Ṣùgbọ́n omi 60 á bó àgbàlagbà láàárín bí ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún, ọmọdé kò tó bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí púlọ́ńbà so fáàfù tó ń po omi tútù mọ́ gbígbóná kó tó dé bálùwẹ̀.

Ọ̀rọ̀ púlọ́ńbà, fáàfù kékeré kan wà lára tánkì tó máa ń kán omi nígbà míì tó bá ń gbóná. Omi tó bá gbóná máa ń wú, ibẹ̀ ló ń gbà jáde. Ẹnìkan fẹ́ bá mi dí i pa nítorí pé ó ń rin ilẹ̀. Ọlọ́run ló ní kí n béèrè kó tó ṣe é. Tí thermostat bá kọ̀ tí kò gé iná mọ́, tí suwíìsì ààbò tó yẹ kó gé iná nígbà tí thermostat bá kọ̀ náà kọ̀, fáàfù yẹn nìkan ló kù tí tánkì ò fi ní bú gbàmù. Tó bá ń kán ju bó ṣe yẹ lọ, ẹ pààrọ̀ ẹ̀, ẹ má dí i.

Mo ti fẹ́ gbàgbé ohun tí ẹ tiẹ̀ bèèrè, ìgbà tó yẹ kó máa tàn. Lítà omi kan, kó fi digíríì kan gbóná sí i, nǹkan bí watt-hour 1.16 ló ń jẹ. 100 lítà láti 25 dé 60 máa jẹ́ bíi yúnììtì 4, híítà 3000 watt á sì lo bíi wákàtí kan àti ogún ìṣẹ́jú. Tí ẹni àkọ́kọ́ bá máa wẹ̀ laago mẹ́fà, ẹ jẹ́ kó tàn laago mẹ́rin àtààbọ̀. Tí omi àná bá ṣì lọ́wọ́ọ́wọ́, thermostat á dá a dúró fúnra ẹ̀ kó tó tó bẹ́ẹ̀. Ẹ má gé àkókò yẹn kúrú kí omi má baà máa dúró sí 45 lójoojúmọ́, ẹ ti mọ ohun tó ń gbé níbẹ̀.

Àwọn kan máa ń sọ pé kéèyàn fi sílẹ̀ kó máa tàn tọ̀sán-tòru ni kì í jẹ iná. Irọ́ ni, bí omi bá ṣe gbóná ju afẹ́fẹ́ ìta ẹ̀ lọ tó ni ooru ṣe ń sá lára tánkì tó, tó bá wà ní pípa tó sì ń tutù, ohun tó ń sá dín kù. Àmọ́ mi ò fẹ́ tàn yín náà, tánkì tuntun tí wọ́n fi fóòmù bò dáadáa, ohun tó ń sá ò pọ̀, omi tí ẹ ń wẹ̀ gan-an ló ń jẹ owó yín. Ibi tí táímà ti máa ràn yín lọ́wọ́ jù ni tí iná òru bá dínwó ju ti ọ̀sán lọ lọ́dọ̀ yín, tàbí tí tánkì yín bá ti gbó.

Ẹ lọ wo àwo kékeré tó wà lára híítà yín, ẹ sọ fún mi watt mélòó ni wọ́n kọ síbẹ̀, ẹ pa iná kí ẹ wo bí wáyà tó lọ síbẹ̀ ṣe tóbi tó àti nọ́ńbà tó wà lójú bíréékà ẹ̀. Tí ẹ bá rí ibi kankan tó ti pọ́n tàbí tó dúdú lára sókẹ́ẹ̀tì, ẹ má tan án mọ́ lálẹ́ òní.