Bí a ṣe ń dá òkúta gidi mọ̀ lára àwo mábù Agra, àti bí a ṣe ń fọ̀ ọ́

Ìbéèrè: Ọ̀gá, ẹ̀gbọ́n mi mú àwo mábù funfun kan bọ̀ fún mi láti Agra, ní Íńdíà. Òdòdó pupa àti aláwọ̀ aró wà lójú rẹ̀. Báwo ni mo ṣe lè mọ̀ pé òkúta ni, kì í ṣe ọ̀dà? Ṣé mo sì lè fi ọsàn wẹ́wẹ́ bó àbàwọ́n tíì tó wà lára rẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe jẹ́ kí ọsàn wẹ́wẹ́ kàn án rárá. Omi kíkan máa ń jẹ mábù, dídán rẹ̀ yóò sì ṣí. Lapis lazuli, òkúta aláwọ̀ aró tí wọ́n ń wà ní Badakhshan ní Afghanistan, òun náà kò lè gbà á. Carnelian, òkúta pupa, nìkan ni kò ní í ṣe nǹkan kan, nítorí omi kíkan kì í jẹ irú òkúta bẹ́ẹ̀. Ìbátan òkúta tí àwọn oníṣẹ́ ìlẹ̀kẹ̀ Ìlọrin máa ń lọ̀ fi ṣe lántànà láyé àtijọ́ ni.

Ní ti ìdánimọ̀, bí wọ́n ṣe ń ṣe é ni yóò là yín lójú. Oníṣẹ́ Agra a kọ́kọ́ fi làálì pa ojú mábù láró pupa, kí ìlà tí yóò fà lé e lè hàn funfun. Bí ó ti ń fi ọwọ́ kan yí kẹ̀kẹ́ ìlọ̀, ni yóò máa fi èkejì ti òkúta pẹlẹbẹ sí i lára, títí ewé tín-ín-rín náà yóò fi ṣe rẹ́gí pẹ̀lú kòtò tí ó gbẹ́ sínú mábù. Yóò fi àtè lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibẹ̀, yóò sì lọ gbogbo ojú rẹ̀ pa pọ̀. Irú iṣẹ́ yìí ló wà lára Taj Mahal, tí ọba Shah Jahan bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ní Agra ní 1632 sórí sàréè Mumtaz Mahal, ìyàwó rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ fi èékánná họ etí òdòdó náà díẹ̀díẹ̀: ọ̀dà a máa ga ju ilẹ̀ rẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n iṣẹ́ gidi kì í kọ́ èékánná. Lẹ́yìn náà, ẹ pa iná yàrá, kí ẹ sì gbé iná fóònù lé òdòdó pupa. Carnelian yóò pọ́n yòò bí ẹyin iná. Lapis kì í tàn bẹ́ẹ̀, àmọ́ ẹ lè rí ẹ̀kán wẹ́wẹ́ aláwọ̀ wúrà nínú rẹ̀, èyí tí ọ̀dà kì í sábà ní.

Aṣọ rírọ̀, omi tútù àti ọṣẹ díẹ̀ tó láti fi nù ún, kí ẹ sì nù ún gbẹ lójú ẹsẹ̀. Omi gbígbóná lè mú kí àtè náà rọ̀. Bí ẹyọ kan bá yọ, ẹ wé e sínú bébà kí ẹ gbé e lọ fún ẹni tó mọṣẹ́; súpà gúlúù yóò dí kòtò náà, ẹyọ náà kò sì ní í jókòó dáadáa mọ́.