Kó o tó padà sí bọ́díńgì lọ́jọ́ Sọ́ńdè

Ọ̀kun o, àbúrò mi. O ní JS2 lo wà, pé síníọ̀ méjì ń kó provision ẹ, wọ́n sì ń fi bẹ́líìtì nà ẹ́ tí wọ́n bá ti paná tán, o wá sílé fún mid-term báyìí o ò fẹ́ padà, o ò sì lè sọ fún ẹnì kankan kí wọ́n má lọ máa pè ẹ́ ní olófòófó. Ọ̀rọ̀ ẹ ká mi lára torí mo ti wà níbẹ̀ rí, bọ́díńgì kan lọ́nà Kàbbà níbí, mi ò ní dárúkọ ẹ̀.

Omi ni tèmi. Nígbà ọyẹ́, aago mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí ni mo ti máa ń wà nídìí pọ́ǹpù, tí mo bá wá gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì dé ẹnu ọ̀nà họ́sítẹ́ẹ̀lì, síníọ̀ kan á na ẹsẹ̀ dí mi lọ́nà, á ní kí n gbé e sílẹ̀ fóun. Tí mo bá ṣe bíi pé mi ò gbọ́, á ní kí n kúnlẹ̀ kí n gbé e rù títí òun á fi fọ eyín tán, omi tútù á máa ṣàn gba ọrùn wọ inú síńgílẹ́ẹ̀tì mi. Títí dòní, tí irin etí bọ́kẹ́ẹ̀tì bá dún, àyà mi máa ń já.

Mo kọ́kọ́ dákẹ́, mo rò pé ó máa sú u. Kò sú u, ńṣe ló pe ọ̀rẹ́ ẹ̀ méjì kún un. Mo bá a jà lọ́jọ́ kan, ìgbà tí mo ń dá ẹ̀ṣẹ́ tèmi padà gan-an ni hausmásítà yọ, èmi ni wọ́n ní kí n lọ gé koríko. Torí náà àwọn tó ń sọ fún ẹ pé kó o la nǹkan mọ́ wọn lórí, jọ̀ọ́ má dá wọn lóhùn.

Mo lọ fẹjọ́ sùn, mo ní "síníọ̀ ń fìyà jẹ mí", hausmásítà ní àwọn náà jẹ irú ẹ̀ rí. Mètírọ́ọ̀nù ló là mí lójú. Wọ́n bi mí pé ọjọ́ wo, aago mélòó, ta ló wà níbẹ̀? Mi ò rí ìkankan sọ. Àtọjọ́ náà ni mo ti ń kọ ọ́ sẹ́yìn nóòtù mátíìsì mi: ọjọ́, àsìkò, ohun tó sọ, ẹni tó rí i. Ọmọ tó ń sùn ní búńkì ìsàlẹ̀ gbà pé òun á jẹ́rìí, torí wọ́n ń gba gàrí tiẹ̀ náà. Lọ́jọ́ visiting mo já ewé yẹn fún ìyá mi.

Ibi tó bà mí lẹ́rù jù nìyẹn o, torí ìyá síníọ̀ yẹn àti ìyá mi jọ ń tajà lọ́jà Kàbbà ni, mo rò pé màá dá ìjà sílẹ̀ láàárín ọmọ Ọ̀kun méjì. Ìyá mi ní torí àwọn mọ ìyá ẹ̀ gan-an làwọn ò ṣe ní dákẹ́. Wọn ò pariwo, wọ́n tẹ́ ewé yẹn sórí tábìlì pirinsípà, pirinsípà kà á, wọ́n ránṣẹ́ pe òbí ẹ̀, wọ́n sì kó o kúrò ní họ́sítẹ́ẹ̀lì wa. Àwọn kan pè mí ní olófòófó fún odindi táàmù kan, ó dùn mí, àmọ́ mo ń fi omi mi wẹ̀ láràárọ̀.

Sọ fún mọ́mì ẹ lónìí. Kọ èyí tó o bá rántí sílẹ̀, má bù mọ́ ọn. Tí àpá bẹ́líìtì bá ṣì wà lára ẹ, kí wọ́n fi fóònù yà á, kí wọ́n sì mú ẹ lọ sí hosipítù kí dókítà kọ ọ́ sílẹ̀. Tí pirinsípà ò bá dá wọn lóhùn, kí wọ́n kọ̀wé sí Ministry of Education ní Lọ́kọ́ja. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti ọdún 2003 sọ pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ dá ọmọdé lóró, síníọ̀ ò sì yọ sílẹ̀ nínú ẹnikẹ́ni yẹn. Tí bàbá ẹ bá ní "àwa náà jẹ ẹ́, a ò kú", bí tèmi ṣe sọ, fi àpá yẹn hàn wọ́n.

Tó o bá padà, má dá lọ sí pọ́ǹpù tàbí ilé ìgbẹ́ lálẹ́. Ọmọ tí búńkì ẹ̀ sún mọ́ tìẹ, bi í léèrè bóyá wọ́n ń gba tiẹ̀ náà. Mo gbà pé á ní bẹ́ẹ̀ ni.